Camry 94 mi tó ń jí tó tún ń kú lójú ẹsẹ̀, àti ríwáyà tó bá mi rídìí ẹ̀ n'Ìbàdàn

10,000 náírà ni bàbá ríwáyà yẹn, oníṣẹ́ iná mọ́tò, gbà lọ́wọ́ mi kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi. Owó àyẹ̀wò ló pè é. Kò tíì fọwọ́ kan wáyà kankan o, kò tíì sọ pé nǹkan báyìí ló ṣe é, owó ló kọ́kọ́ gbà, inú mi ò sì dùn sí i rárá lọ́jọ́ yẹn torí mo ti náwó títí ó ti sú mi. Àmọ́ nínú gbogbo owó tí mo ná sórí mọ́tò yẹn láàárín oṣù méjì, òun nìkan ni mo rántí tí kò dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ eléyìí, kí ẹlòmíì tí mọ́tò ẹ̀ bá ń ṣe bíi tèmi má baà jẹ irú ìyà tí mo jẹ.

Toyota Camry ọdún 1994 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnì 5S onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Orobo torí bí ara ẹ̀ ṣe tóbi. Bàbá mi ló rà á ní tòkunbọ̀, ìgbà tí wọ́n papòdà ló di tèmi, mi ò sì lè tà á, ẹ má wulẹ̀ dá mi nímọ̀ràn ẹ̀. Òun ni mo fi ń jẹun. Oúnjẹ ni mò ń sè fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, tó bá ti di Sátidé báyìí, kúlà ìrẹsì mẹ́fà, kúlà ẹran, kúlà mọ́ínmọ́ín, gbogbo ẹ̀ á wọ búùtù àti ìjókòó ẹ̀yìn, mọ́tò yìí ò sì já mi kulẹ̀ rí àfi lọ́dún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe dáadáa torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe pé kì í jí o. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á gbé e, ẹ́ńjìnì á jí, á hó vùùù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ẹ̀yin náà á ní ẹ̀hẹ́n, ẹ ó wá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó ka ení èjì, ó ti kú. Ẹ tún yí i, ó tún jí, ẹ tún jù ú sílẹ̀, ó tún kú. Àárọ̀ Sátidé kan ló bẹ̀rẹ̀, kúlà ti wà nínú ẹ̀, àwọn tó ni ìyàwó ń pè mí lórí fóònù pé ẹ ti dé ibo, mo yí kọ́kọ́rọ́ yẹn tó ìgbà ogún títí bátìrì fi rọ̀, omijé ti wà lójú mi. Takisí Máíkírà méjì ni mo fi kó oúnjẹ ọjọ́ yẹn lọ, èrè tó yẹ kí n jẹ, ọ̀dọ̀ wọn ló lọ.

Mẹkáníìkì àdúgbò wa ló kọ́kọ́ wá wò ó. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní bú u, ó ti bá mi ṣe bíréèkì rí, iṣẹ́ yẹn sì dáa. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbọ́ bó ṣe kú, ó ní "Àǹtí, pọ́ǹpù ni, fúẹ̀lì pọ́ǹpù yín ti rẹ̀." Mo ní ṣé ó dá ẹ lójú, ó ní kò lè jẹ́ nǹkan míì. A ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀ ní 22,000, ó gba 8,000 iṣẹ́ ọwọ́, a dì í padà, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí, ó kú. Ó ní á jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí, a pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú fílítà epo, 14,000 tún lọ, ó jí, ó kú. Ọmọ náà wá dákẹ́, ó ń họrí, ó ní òun á padà wá lọ́la, ọ̀la yẹn ò dé.

Ẹnì kejì tí wọ́n júwe fún mi gbé sikánà wá, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn mọ́tò. Aṣọ ẹ̀ mọ́, ẹ́ńjíníà ló ń pe ara ẹ̀, mo ní ọpẹ́ o, eléyìí á mọ̀ ọ́n. Ó wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń wá ibi tó máa ki sikánà bọ̀, kò rí i. Kò sì lè rí i náà, mo ti wá mọ̀ báyìí. Látorí mọ́tò ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo mọ́tò tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn ní ojú ihò 16 tí sikánà òde òní ń wọ̀, tèmi ti jáde ṣáájú ìyẹn. Dípò kó sọ fún mi pé irinṣẹ́ òun ò bá mọ́tò yìí mu, ó nàró, ó nuwọ́, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, brain box yín ti lọ", ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì. Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀, ó ní bí àwọn Orobo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó ní òun mọ ibi tóun ti lè bá mi rí tòkunbọ̀ ẹ̀ ní 60,000. 60,000! Mo ní kó jẹ́ n rò ó.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, kì í tiẹ̀ ṣe owó. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè nínú wọn. Èmi ni mò ń wa mọ́tò yìí lójoojúmọ́, èmi ni mo wà nínú ẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ kú, wọn ò bi mí pé kí lẹ gbọ́, ìgbà wo gan-an ló ń kú, ó ti ń ṣe é bọ̀ tẹ́lẹ̀ àbí òjijì ni. Mo jẹ́ obìnrin, bóyá ìyẹn ni, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣebí wọ́n á kọ́kọ́ ní ibo ló ń dùn ẹ́?

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ Máíkírà tó bá mi kó oúnjẹ ló sọ fún mi nípa bàbá ríwáyà yìí. Ó ní tiẹ̀ náà kú báyẹn, gbogbo èèyàn ní kó lọ ra ẹ́ńjìnì, bàbá yìí ló rí i pé wáyà kan ló já. Agbègbè Ìwó Road ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí kò sọ pé kí n máa polówó òun, ṣọ́ọ̀bù náà ò tiẹ̀ ní pátákó. Páànù mẹ́rin tí wọ́n fi igi gbé ró, tábìlì kan, táyà àlòkù mẹ́ta téèyàn lè jókòó lé, ọmọ iṣẹ́ méjì. Bàbá náà á ti tó ọgọ́ta ọdún, ó fi awò sí imú, ẹ̀rọ tó ń wọn iná wà nínú àpò ẹ̀ bíi báírò. Okùn la fi fa mọ́tò lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tó gba owó àyẹ̀wò (tíránsífà ni mo ṣe, ó dúró dìgbà tí álẹ́ẹ̀tì wọlé kó tó dìde), ó ní "Màmá wa, ẹ jókòó, ẹ sọ fún mi." Mo sọ ti pọ́ǹpù, mo sọ ti púlọ́ọ̀gì, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní kì í ṣe ohun tí wọ́n rà lòun ń béèrè, ohun tí mọ́tò ń ṣe ni. Ó ní ṣé ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lókè lọ́wọ́ yín ló ń kú, àbí ìgbà tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀ tó padà sí ON? Mi ò lè dáhùn. Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo ti ń bá a yí, mi ò kíyè sí i. Ó ní kí n wọlé, kí n ṣe é bí mo ṣe ń ṣe é, òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò, ó na etí sápá ibi tí táńkì wà. Mo yí i. Ó ní ẹ dì í mú, ẹ má jù ú sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú lókè yẹn, mọ́tò ò kú, sítátà ń ké, àmọ́ ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó tó, ẹ jù ú sílẹ̀. Mo jù ú sílẹ̀, ó kú. Bàbá náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan. (Ẹ má ṣe é pẹ́ o, ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sítátà á jóná.)

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un nìyí, torí mo rò pé ó ti mọ̀ ọ́n, á kàn tọ́ka sí nǹkan kan pé ẹ lọ rà á, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fura, ṣùgbọ́n ìfura ò ní wáyà, ẹ jẹ́ ká wò ó.

Ó ní kí n tẹná díẹ̀ bí mo ṣe ń sítáàtì, kí n má gbẹ́sẹ̀ kúrò. Mọ́tò ṣì kú. Ó ṣàlàyé fún mi pé ká ní ó dúró nígbà tẹ́sẹ̀ wà lórí iná, tó wá ń kú nígbà tí mo bá gbẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ nìyẹn, ọ̀nà kékeré tí ẹ́ńjìnì fi ń mí nígbà tó bá ń sílóò (tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láì tẹná) ti dí fún èérí dúdú, ibẹ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ fi kábù kílínà, òògùn inú agolo tí wọ́n ń fọ́n, fọ̀ kó tó ra ohunkóhun. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ń fà wá sọ́dọ̀ òun tó ń jí tó ń kú, ibi ìfọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń parí sí, owó kábù kílínà nìkan ni. Ó dùn mí díẹ̀ pé kì í ṣe tèmi.

Lẹ́yìn náà, ó yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ kúrò lẹ́nu tọ́tù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, ó fọ́n kábù kílínà díẹ̀ sínú ẹ̀, ó ní kí n sítáàtì, kí n jù ú sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó jí, bàbá ń fọ́n ọn díẹ̀ díẹ̀, kò kú! Ó dáwọ́ fífọ́n dúró, ó kú. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó baà dá a lójú. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí ni pé iná púlọ́ọ̀gì wà digbí lẹ́yìn tí kọ́kọ́rọ́ padà sí ON, ohun tí ẹ́ńjìnì ò rí ni epo. Ìdájọ́ kan ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn, torí tó bá jẹ́ swíìṣì kọ́kọ́rọ́ ló ń gé iná lójú ON ni, ì bá kú bá a tilẹ̀ ń fọ́n ọn. Ẹ má lọ dán èyí wò níbi tí sìgá tàbí sítóòfù bá wà o, kábù kílínà àti epo bẹntiróòlù ìkan náà ni wọ́n, ọmọ iṣẹ́ kan dúró ti wa pẹ̀lú iyanrìn nínú báàkẹ́ẹ̀tì.

Ó wá ṣí àpótí dúdú kékeré kan nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì tí èmi ò kíyè sí rí, ó ní ìdérí, wọ́n kọ lẹ́tà wínníwínní sábẹ́ ìdérí yẹn. Ó fi wáyà péńpé kan so ihò TE1 mọ́ E1, mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì, iná check engine bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀ láì dúró. Ó ní sikánà Orobo nìyẹn, kò ju wáyà kan lọ. Tó bá ń ṣẹ́jú ní ìdọ́gba báyẹn, kò sí àìsàn kankan tó kọ sílẹ̀. Ká ní ó ní, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni 12, pé brain box ò rí i pé ẹ́ńjìnì ń yí. Ẹ̀ẹ̀kan, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni 14, pé kò gbọ́ èsì látọ̀dọ̀ igniter, ẹ̀rọ tó ń bá púlọ́ọ̀gì dáná, ó ní 14 yìí náà máa ń jẹ́ kí Toyota jí kó sì kú, torí tí brain box ò bá ti gbọ́ èsì yẹn, á ti epo pa. Tèmi ò ní ìkankan. Mo rántí ẹ́ńjíníà sikánà, mo rántí 60,000.

Ìgbà tó kàn ló ṣe èyí tó pa mí lẹ́kún. Inú àpótí kan náà yẹn, ó yọ wáyà péńpé kúrò, ó fi í so +B mọ́ FP. Ó ní yí i sí ON. Mo gbọ́ nǹkan tó ń kùn mmmmmm lẹ́yìn mọ́tò, pọ́ǹpù ni. Ó ní ẹ sítáàtì. Ó jí. Mo ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kò kú. Mo dúró, mo ń retí kó kú, kò kú, ó ń sílóò kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé bàbá mi, mo wà nínú mọ́tò níbẹ̀ mò ń nu ojú.

Mo ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú fi wáyà yẹn sílẹ̀ báyẹn, mo ní ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ. Ó yọ ọ́ lójú mi. Kò bínú o, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́: "Màmá wa, tí mo bá fi sílẹ̀, pọ́ǹpù yìí ò ní dúró mọ́ níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní ON. Tẹ́ ẹ bá wá forí sọ nǹkan lójú ọ̀nà, tí ẹ́ńjìnì kú, tí rọ́bà epo já, á ṣì máa tu epo jáde sórí iná. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é kí pọ́ǹpù kú tí ẹ́ńjìnì bá kú. Mi ò lè fi yín sínú mọ́tò báyẹn." Ó lè gba owó mi kó jẹ́ n máa lọ, mo ti gbà tán, èmi gan-an ni mo bẹ̀ ẹ́. Kò ṣe é. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, màá gbé mọ́tò ọmọ mi náà wá sọ́dọ̀ ẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ya á sórí páálí, mo ṣì ní páálí náà nílé. Ríléè kan, swíìṣì kékeré tí iná fúnra ẹ̀ ń ṣí tó ń tì, ló ń gbé iná fún pọ́ǹpù, circuit opening relay ni wọ́n ń pè é, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. Kọ́ìlì méjì ló wà nínú ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sítáàtì, iná sítátà ló ń fa kọ́ìlì kìíní, pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́. Gẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ bá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ti kìíní parí, brain box tó ti rí i pé ẹ́ńjìnì ń yí á wá fa kọ́ìlì kejì, pọ́ǹpù á máa bá iṣẹ́ lọ. Ó dà bí ẹni méjì tó ń gba ẹrù fúnra wọn, ẹni àkọ́kọ́ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ẹnì kejì ò sí níbẹ̀ láti gbà á, ẹrù já lulẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò mi fi ń kú gan-an lásìkò tí mo bá ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Nǹkan yẹn ti wà níwájú gbogbo wa látọjọ́ kìíní.

Síbẹ̀ kò tíì ní kí n lọ ra ríléè o. Ó ní ó lè jẹ́ ríléè, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ brain box náà ni kò ránṣẹ́. Ó yọ dáṣíbọ́ọ̀dù nísàlẹ̀, ó fi tẹ́sítà onígílóòbù so ìdí pọ́síítíìfù bátìrì mọ́ wáyà FC tó ti brain box wá, èyí tó fi ń fa kọ́ìlì kejì, ọmọ iṣẹ́ sítáàtì, gílóòbù tàn. Brain box ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ó ń ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń gbà á. Ó yọ ríléè, ó fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, láti STA dé E1, ìyẹn kọ́ìlì kìíní, ó dún, láti +B dé FC, ìyẹn kọ́ìlì kejì, kò dún. Ó fi ọ̀bẹ ṣí i, ó gbé e síwájú mi: wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí ti já nínú kọ́ìlì kan. Nǹkan tí kò tó páálí ìṣáná. 

Ó ní ríléè kì í ṣe ohun tóun ń tà, kí n lọ rà á fúnra mi kí n má baà rò pé òun lé owó lé e. Ó fi ọmọ iṣẹ́ kan tẹ̀ lé mi lọ sí ọjà Àráròmí ní Gate, ó fún un ní ẹ̀rọ ìwọ̀n dání pé ẹ ò gbọdọ̀ rà á láìwọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń tajà kọ́kọ́ lejú, ó ní ta ló ń wọn ríléè lọ́jà, ọmọ náà ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ síwájú", ọ̀gbẹ́ni bá ní ẹ wọ̀n ọ́n. Èyí àkọ́kọ́ tá a wọ̀n ti jó bíi tèmi! Ẹ̀kejì dáa. 4,500. Nọ́ńbà ara ẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, a mú un padà, bàbá gba 5,000 iṣẹ́ ọwọ́, ó dì í, mo sítáàtì, ó dúró.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. 10,000, 4,500, 5,000, àròpọ̀ 19,500. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é gba 44,000 pẹ̀lú ohun tá a rà, mọ́tò ò yí padà, pọ́ǹpù tí mo jù sílẹ̀ ò sì ní àìsàn kankan, bàbá wọ̀n ọ́n fún mi nígbà tí mo gbé e wá, mo ti fi í pamọ́ sílé.

Nígbà tá à ń dúró kí ẹ́ńjìnì tutù ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa àwọn mọ́tò míì, mo kọ ọ́ sínú fóònù torí ẹ̀gbọ́n mi ní Golf. Ó ní tó bá jẹ́ Volkswagen tó ní ààbò olè nínú kọ́kọ́rọ́, tí kò bá dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀, á jí, á kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, gbogbo ìgbà, iná kan á sì máa ṣẹ́jú níwájú yín, ẹ má tú pọ́ǹpù nítorí ìyẹn. Golf 3 onínọ́sù kan (nọ́sù ni ẹnu tó ń fọ́n epo), ẹ wo rọ́bà tó wà lábẹ́ ibi tí nọ́sù jókòó sí, ó máa ń sán, afẹ́fẹ́ á máa wọlé níbi tí kò yẹ. Mọ́tò tó ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, ẹ wo rọ́bà gbọọrọ tó tẹ̀ lé e bóyá ó ti ya, tí kò bá ya, ẹ yọ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà kẹ́ ẹ sítáàtì, tó bá dúró lẹ́yìn tẹ́ ẹ yọ ọ́, sẹ́ńsọ̀ náà ló ń fà á. Ìjàpá Volkswagen àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, wáyà kékeré kan wà lára kábúrétọ̀ tó ń ṣí ojú epo ìsílóò, tó bá ti yọ, kò ní sílóò láéláé. Àwọn mọ́tò tó tún dàgbà ju ìyẹn lọ, àwọn tó ní resistor (nǹkan kékeré tó ń dín agbára iná kù) lójú ọ̀nà iná tó ń lọ sí kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì, tí resistor yẹn bá jó, ìwà kan náà bíi tèmi: á jí nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà lókè, á kú nígbà tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀, àmọ́ iná púlọ́ọ̀gì ló ń lọ níbẹ̀, kì í ṣe epo. Ó ní ìyẹn lòun ṣe ń fọ́n kábù kílínà ṣáájú ohun gbogbo, torí kábù kílínà ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Mo ní láti sọ èyí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn náà. Bàbá yìí kì í yára. Ago mẹ́sàn-án àárọ̀ la dé, ago mẹ́ta kọjá la kúrò, ó sì ń fi mọ́tò kan sílẹ̀ lọ sórí òmíì láàárín. Kì í gbé fóònù tó bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí ẹsẹ̀ mọ́tò, kò ní fọwọ́ kàn án, á ní ẹ wá ẹlòmíì lọ. Nígbà tí wọ́n dì dáṣíbọ́ọ̀dù padà, àwọn ọmọ ẹ̀ sọ síkúrúù kan nù, ó wá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ní gbogbo ọ̀nà gbágungbàgun, mo padà lọ nítorí ẹ̀, wọ́n wá síkúrúù, kò bá a mu, ó ṣì ń dún. Ó dùn mí torí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn ò ní àbùkù kankan tẹ́lẹ̀, bàbá mi tọ́jú ẹ̀ gan-an. Mo sọ ọ́ fún un, ó ní ẹ máà bínú, ó bá àwọn ọmọ náà wí lójú mi, síkúrúù ṣì ni mò ń wá.

Tí mo bá ní kí n fún un ní máàkì, nínú mẹ́wàá màá fún un ní mẹ́sàn-án, síkúrúù ló gba ẹyọ kan. Mọ́tò ti ṣe Sátidé mọ́kànlá látìgbà náà, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó máa lọ lọ́jọ́ yẹn ó fún mi ní wáyà péńpé tó fi so àpótí yẹn, ó júwe ihò TE1 àti E1 fún mi, ó ní mo lè fi ìyẹn ka ìṣẹ́jú iná, ṣùgbọ́n ti +B àti FP, kí n má fọwọ́ kàn án àfi tó bá jẹ́ láti mọ̀ bóyá pọ́ǹpù ń dún, kí n yọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ó wà nínú píjìn-hóòlù mi báyìí pẹ̀lú ríléè tó já.

Ẹni tó bá ń lọ, kó dé ibẹ̀ kí ago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, Túsìdeè sí Tọ́sìdeè ló dáa jù, Mọ́ńdè mọ́tò máa ń kún ibẹ̀. Ẹ mú omi dání, oòrùn ń pa táyà tí wọ́n ń jókòó lé. Kẹ́ ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́ yín dáadáa nílé kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ mọ ìgbà tó ń kú gan-an, torí á bi yín.